Igba Pínnì Ó Lé Mẹ́rìnlá

Iṣẹ́ tí mo ṣe láàfin kì í ṣe iṣẹ́ à ń fi yangàn.
Mo ń ka pínnì.
Láràárọ̀, kí oòrùn tó yọ lẹ́yìn òkè Pirenẹ́ẹ̀,
Saubade á gbé tìmùtìmù pupa lé mi lọ́wọ́,
á ní, "Miramonde, mélòó?"
Èmi á ní, igba ó lé mẹ́rìnlá.
Bí ilẹ̀ bá ṣú, iye kan náà gbọ́dọ̀ pé;
èyí tó bá sọnù, owó ọ̀yà mi ni wọ́n ń gé sí i.

Ẹ má bi mí léèrè adé. Adé kò wúwo tó aṣọ.
Àwọ̀tẹ́lẹ̀ funfun ló ń ṣáájú,
a ti yá a lẹ́bàá iná, torí ògiri ibẹ̀ ń làágùn òtútù.
Lẹ́yìn náà, tòbí onígi,
ó rí gbàgìrì bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tí wọn kò tíì gbé kọ́;
ọbabìnrin á dúró sáàárín rẹ̀ bí ọmọ agogo,
kò ní dún.
Ìgbàyà eléegun àbùùbùtán ló kàn,
èmi àti Graciane á fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, a ó máa fà á,
títí èémí rẹ̀ yóò fi di ti òkè ọ̀nà ọ̀fun nìkan.
Àrán dúdú ló gbẹ̀yìn. Apá rẹ̀ dá wà, àyà rẹ̀ dá wà,
aṣọ ọ̀hún kò ní ojú ìránpọ̀ kan:
pínnì ló so ó ró.
Pínnì ló so ìjọba ró. Ẹ má sọ pé èmi ni mo wí.

Rúbì ọrùn rẹ̀ tóbi tó èso àgbáyun.
Ọkọ rẹ̀ ló rà á kó tó kú;
ìwé gbèsè rẹ̀ wà nínú àpótí kan náà,
àwọn olówó Lyon sì ń kọ lẹ́tà.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ikọ̀ kan dé láti ìlú òdìkejì òkè,
ó wá tọrọ ilẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, bí ẹni tọrọ iyọ̀.
Ọbabìnrin jókòó láti àárọ̀ títí àbẹ́là fi jó tán lẹ́ẹ̀mejì.
Kọ́là ọrùn rẹ̀ le, ó fẹ̀ bí àwo;
ṣíbí ọlọ́wọ́ gígùn ló fi ń wá ẹnu ara rẹ̀.
Ajá rẹ̀ tọ̀ sí etí àrán.
Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ilẹ̀ náà kò sí fún títọrọ.
Ó tún rẹ́rìn-ín.

Lóru, mo kà á: igba ó lé mẹ́tàlá.
Mo tún un kà.
Mo fi àbẹ́là tú koríko ilẹ̀ yàrá,
mo gbọn bàtà, mo wo abẹ́ póò.
Saubade ti na ọwọ́ sókè láti gbá mi létí
nígbà tí ohùn kan ní, "Ẹ fi ọmọ náà sílẹ̀."

Ó jókòó nínú àwọ̀tẹ́lẹ̀, kò ju ọmọ tí a rán lómi lọ.
Ó gbé apá òsì.
Orí pínnì nìkan ló hàn lábẹ́ abíyá,
ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ yí i ká, bí wóró ata.

"Láti ìgbà wo, Kábíyèsí?"

"Láti àárọ̀.
Bí mo bá ta gìrì,
ọkùnrin yẹn ì bá rò pé ọ̀rọ̀ òun ló gún mi."

Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, adìẹ kò jẹ́ gbé e mì.
Mo rí ẹni tó gbé e mì.
Ọwọ́ mi ló sì fi í síbẹ̀, ọwọ́ olóorun.
Ó mọ̀. Kò wí.
Láti ọjọ́ náà, àtàǹpàkò mi ni mo ń fi la àárín
pínnì àti awọ ara rẹ̀; ẹ wo àpá.

Mo fà á yọ, mo nù ún, mo gún un mọ́ tìmùtìmù.
"Miramonde, mélòó?"
Mo ní ó pé.
Graciane ṣì bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá iná,
ó ń fọ ìtọ̀ ajá kúrò létí àrán.